Ilé-Ẹ̀kọ́ Lè Jìnnà, Ẹni Tí Ń Fẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Kò Jìnnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Kano kéde pé àwọn ti gba ọmọ mẹ́sàn-án padà, àwọn ọmọ tí a jí gbé ní Kano tí a sì gbé wá tà ní Onitsha, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ẹnikẹ́ni kò wo ilé kí ó tó sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí lórúkọ. Orúkọ tuntun ni a ti fún wọn, orúkọ tí bàbá wọn kò mọ̀ tí ìyá wọn kò sì gbọ́ rí.

Kì í ṣe ìwà ìlú Onitsha ni èyí. Ìwà àwọn ọ̀daràn díẹ̀ ni, irú wọn kò sì ṣàìsí ní Èkó, ní Ìbàdàn, tàbí ní Kano fúnra rẹ̀. Onitsha jẹ́ ìlú tí ó ti ń gba àlejò láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń jẹun níbẹ̀ lónìí sì lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà gbé ìbéèrè kan dìde tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbé ní ìdálẹ̀ fi ọkàn rò. Ọlọ́pàá lè gba ọmọ lọ́wọ́ ajínigbé. Adájọ́ lè rán ajínigbé lọ sí ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ọmọ tí ó bá kúrò nílé ní ọmọ ọdún méjì, èdè ibi tí ó dàgbà sí ni yóò máa sọ, ẹni tí ó sì bá lọ́dọ̀ ni yóò mọ̀ ní ìyá. Ta ni yóò jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀? Ta ni yóò kọ́ ìyá tí ó bí i bí a ti ń gba ọmọ tí kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́? Ta ni yóò máa yà sí ilé wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ó lè mọ̀ bóyá ilé náà tòrò?

Iṣẹ́ tí ó ju ẹjọ́ tọkọtaya lọ

Àwọn tí a fi irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ ni òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wẹ́fíà. Lọ́kàn àwọn ẹlòmíràn, ọ́fíìsì wẹ́fíà kò ju ibi tí ìyàwó ti ń lọ fi ẹjọ́ ọkọ tí kò fún un lówó oúnjẹ sùn. Lóòótọ́, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹbí aláìsàn tí a gbé wá láti ojú títì. Wọ́n wà ní ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé, níbi tí adájọ́ ti ń bi wọ́n léèrè irú ilé tí ọmọ náà ti wá kí ó tó dá ẹjọ́. Wọ́n wà ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, wọ́n wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ń bójú tó arúgbó tí ẹbí rẹ̀ ti gbàgbé.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba, a ṣe òfin kan nípa àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń sùn síta ní ìgboro Èkó ti di ohun tí ń kọ ìjọba lóminú. Ní ọdún 1974, ìjọba ológun ṣe òfin lórí ìdàgbàsókè àwùjọ, èyí tí ó fi iṣẹ́ ìgbáyégbádùn sí abẹ́ ìtọ́jú ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1975, àwọn òṣìṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Anambra sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2019, òfin tuntun yí orúkọ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ó sì là á sílẹ̀ pé a lè fi iṣẹ́ ìlú ṣíṣe tàbí ìṣọ́ni nílé rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò wúwo. Ní ọdún 2022, a ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ìgbáyégbádùn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣáà wù ú ni yóò máa pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá ka àwọn ọdún wọ̀nyí yóò rí i pé òfin ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé ẹnu-ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ni yóò gbé e dé ibẹ̀, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń gbé e.

Ìdí tí Onitsha fi nílò wọn

Bí ó bá jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ yìí pọ̀ sí ni a ń wá, Onitsha kò ní gbẹ́yìn. Odò Ọya ni ó wà ní ẹsẹ̀ ìlú náà, Asaba wà ní òdìkejì, afárá kejì tí a sì ṣí ní ọdún 2023 ti tún fi kún ẹsẹ̀ àwọn tí ń wọlé tí ń jáde. Ọjà ńlá rẹ̀ ń fa ènìyàn láti gbogbo ìpínlẹ̀ àti láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni a mú wá láti abúlé kí wọ́n lè kọ́ òwò lọ́wọ́ ọ̀gá, àṣà tí àwọn Ìgbò ń pè ní igba boi. Ọmọ náà yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ọ̀gá yóò fún un lówó tí yóò fi dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Àṣà rere ni, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di olówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bá dé kí ọdún tó pé, tí ọ̀gá lé ọmọ jáde tí ọmọ kò sì lè fi ojú kan ilé lọ́wọ́ òfo, níbo ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2015, ọkọ̀ agbépo kan já sínú ibùdókọ̀ ní Upper Iweka, ó sì gbiná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, òmíràn tún gbiná nítòsí ọjà Ochanja, ó sì jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba a máa wá, panápaná a máa wá, àwọn oníròyìn a sì máa wá. Nígbà tí gbogbo wọn bá lọ tán, opó àti ọmọ òrukàn a ṣì wà níbẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wẹ́fíà ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn án púpọ̀. Ní ọdún 1857, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣòògùn tí a ti kó lẹ́rú rí nígbà èwe rẹ̀, wà lára àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Onitsha tí wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìjọ CMS lélẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú J. C. Taylor tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ẹni tí a jí gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí a sọ ní orúkọ mìíràn, ni ó wá di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún pípẹ́, àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì àti àwọn oníṣòwò, ń jẹ nínú ọ̀wọ̀ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbìn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Ó wu àwọn mìíràn láti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìgbáyégbádùn, bóyá nítorí pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n tí wọ́n ti rí i pé oògùn nìkan kọ́ ni aláìsàn ń fẹ́, bóyá nítorí pé olùkọ́ ni wọ́n tí wọ́n ti rí ọmọ tí ebi ń pa sùn sórí àga. Ohun tí ń dá wọn dúró ni iṣẹ́. Ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí ó ń san owó ilé ní Fegge tàbí ní Odoakpu, tí ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìlá tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì kí ó lọ jókòó nínú kíláàsì.

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í ṣe ohun tuntun

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a dá ẹ̀kọ́ láti òkèèrè sílẹ̀ fún. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò tíì tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó fi ìwé kíkà nílé gba oyè Yunifásítì London nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní ọdún 1944. Alvan Ikoku, tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà mẹ́wàá, ń ṣe olùkọ́ ní Awka, tí kò jìnnà sí Onitsha, nígbà tí ó gba oyè yunifásítì kan náà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní ọdún 1928. Onitsha pàápàá kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń dá kọ́ ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń tẹ̀ tí a sì ń tà ní ọjà náà, tí ó ń kọ́ni bí a ti ń kọ lẹ́tà àti bí a ti ń hùwà láàárín ìlú, gba òkìkí dé yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè.

Ní ọdún 1974, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣe òfin tí ó dá Yunifásítì Àpapọ̀ Tí Ó Ṣí Sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NOUN, sílẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fi tì í pa, ní oṣù kẹrin ọdún 1984, pẹ̀lú àlàyé pé àwọn ohun èèlò tí yóò mú un kẹ́sẹ járí kò sí. Ọdún 18 ni ó fi wà ní títì, kí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí ní ọdún 2002. Olóyè náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ó kúrò lórí àléfà, di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí ó ti pé ẹni 80 ọdún. Ní ìparí ọdún 2018 kan náà, Buhari, tí ó ti padà di ààrẹ nípa ìbò, fi ọwọ́ sí àtúnṣe òfin NOUN, kí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Ọwọ́ tí ó tì í pa ni ó wá fi ọwọ́ sí i. Lónìí, ó ní ibùdó ẹ̀kọ́ ní Awka.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti yàtọ̀

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìgbáyégbádùn kò rí bí ẹ̀kọ́ ìṣòwò. A kì í fi ìwé kọ́ odò wíwẹ̀ tán lórí ibùsùn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń kọ́ni ní oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ náà fi dandan lé e pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo wákàtí 900, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ láàárín àwọn ènìyàn, lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá ń fi wákàtí 15 sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 60 ni yóò gbà á, èyí tí ó ju ọdún kan lọ. Yunifásítì Indira Gandhi ní Íńdíà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ń kọ́ni ní oyè kejì yìí láti òkèèrè, òun náà kò sì yọ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe sílẹ̀.

Ibí yìí ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò wà. Wọ́n rò pé ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè jìnnà sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó jìnnà. Ọmọ tí ń sùn sí ìdí afárá wà nítòsí, opó tí ọjà rẹ̀ jóná wà nítòsí, ẹlẹ́wọ̀n tí ń retí ẹjọ́ wà nítòsí. Ẹni tí ó fi Onitsha sílẹ̀ lọ kàwé fún ọdún méjì yóò padà wá tún ìlú mọ̀. Ẹni tí ó dúró yóò máa ka ìwé lálẹ́, yóò sì máa fi ohun tí ó kà wé ohun tí ó rí lọ́sàn-án.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kí a tó san owó

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí oyè yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbàwọlé àwọn ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró ná. Àwọn tí ó kàwé níbẹ̀ tọkàntọkàn sì jìyà pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ra ìwé. Owó tí a kó jọ nínú òógùn kò yẹ kí ó bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí a béèrè lọ́dọ̀ àjọ NUC, tí ń bójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà, bóyá ó mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, bóyá ó fún un ní àṣẹ láti kọ́ni láti òkèèrè, àti bóyá àṣẹ náà dé orí ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ gan-an. Yunifásítì lè jẹ́ ojúlówó kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ má tíì ní àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí a béèrè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí ń yẹ irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wò, kí a tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Ohun kejì ni kí a béèrè ibi tí a ó ti ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ pé kò sí irú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìgbáyégbádùn, ìwé ni ó ń tà, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ, tàbí ti ilé ìwòsàn ńlá, kí ó gba ọ̀rọ̀ wọn ní kíkọ sílẹ̀ pé wọn yóò gbà á.

Ohun kẹta ni kí ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó jọ mọ́ èyí ní oyè àkọ́kọ́ béèrè bóyá yóò kọ́kọ́ gba dípúlómà àgbà. Bí ó bá sì ṣe é ṣe fún ẹnìkan láti máa rìnrìn-àjò, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka wà ní agbègbè ibẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti pẹ́ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kò yẹ kí a sá fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí nítorí pé orúkọ ti òkèèrè dùn létí.

Èdè ni ilẹ̀kùn

Ó ku ohun kan tí yunifásítì kankan kò lè fi ránṣẹ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù kò ní fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní dúró de ògbufọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Onitsha gbọ́dọ̀ gbọ́ Ìgbò, kì í ṣe Ìgbò ọjà tí a fi ń dúnàádúrà nìkan, bí kò ṣe èyí tí a fi ń tu ènìyàn nínú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí a bí síbẹ̀ lè jẹ́ olùkọ́ fún un, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ní ìdàkejì, èdè tirẹ̀ náà jẹ́ ọrọ̀ fún ìlú. Ní ọjọ́ tí a bá rí ọmọ kan ní ibùdókọ̀ tí ń sunkún ní èdè Yorùbá, tí kò lè dárúkọ àdúgbò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tí yóò jókòó tì í tí yóò sì bi í pé, “Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé, ọmọ mi?” yóò ti ṣe ju ohun tí mọ́tò ọlọ́pàá mẹ́wàá lè ṣe lọ. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì, yóò mọ ohun tí yóò béèrè tẹ̀lé e, yóò mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ béèrè, yóò sì mọ ibi tí yóò gbé ọmọ náà sùn títí di ọjọ́ tí a ó rí ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, àlejò tí ó bá mọ ilé tún ṣe ni onílé ń fẹ́ kí ó pẹ́. Ẹni tí ó bá ní oyè àkọ́kọ́ lọ́wọ́, tí ó ní ìfẹ́ ènìyàn lọ́kàn, tí ó sì lè fi wákàtí méjì sílẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, kí ó má ṣe sọ pé ó ti pẹ́ jù. Kí ó béèrè dáadáa, kí ó bá ẹbí rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa rí ẹni tí yóò wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.